Ìmúra Ìrìn-àjò Ìpẹja sí Àríwá Kánádà ní Ìbẹ̀rẹ̀ Ìgbà Ìwọ́wé

Àríwá ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní orílẹ̀-èdè Kánádà jẹ́ ilẹ̀ àpáta àti omi. Adágún tó wà ní ìpínlẹ̀ náà tó 100,000, púpọ̀ nínú wọn ló sì wà ní apá àríwá yìí, níbi tí títì mọ́tò kò ti pọ̀. Létí díẹ̀ nínú àwọn adágún wọ̀nyí ni wọ́n kọ́ lọ́ọ̀jì sí fún àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja ṣe fàájì: ilé pákó mélòó kan, yàrá ìjẹun kan, èbúté pákó tí wọ́n so ọkọ̀ ojú omi mọ́, àti ẹ̀rọ amúnáwá tó ń kùn lẹ́yìn ilé. Fún apẹja Ẹ̀pẹ́, iṣẹ́ òòjọ́ ni ẹja pípa. Ní tibí, owó ni ènìyàn fi ń ra àyè láti pẹja, owó náà kò sì kéré.

Nígbà tí yìnyín bá yọ́ tán lójú omi, ní ìparí oṣù Karùn-ún tàbí inú oṣù Kẹfà, ni àlejò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Tó bá fi máa di àárín oṣù Kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀jì ti ń palẹ̀ mọ́, wọ́n ń fa ọkọ̀ gòkè, wọ́n ń fa omi inú páìpù dà nù kó má baà dì. Láàárín ìparí oṣù Kẹjọ sí ìgbà yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ́wé lọ́hùn-ún, nígbà tí ewé igi birch ń di àwọ̀ ìyeyè tó sì ń já bọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré ni. Nítorí náà, orí ọjọ́ ni ìmúra ìrìn-àjò yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ ra ọ̀pá ìwọ̀ kó tó mú ọjọ́ ti fi ìparí ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Omi gan-an ló sọ àwọn ọ̀sẹ̀ yìí di àkókò tó níye lórí. Nígbà ooru, oòrùn máa ń mú omi òkè adágún lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ṣì tutù nini, méjèèjì kì í sì í fẹ́ dà pọ̀, torí pé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fúyẹ́ ju èyí tó tutù lọ. Ẹja lake trout, tí omi tó wà ní nǹkan bíi digírì Celsius 10 bá lára mu, á sá lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ìwọ̀ lásán kì í ti í tètè bá a. Nígbà tí òru bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú, omi òkè á tutù, á wúwo sí i, á máa rì, afẹ́fẹ́ á sì máa pò ó pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Digírì 4 ni omi ti wúwo jù. Tí òtútù bá kọjá ibẹ̀, omi á tún padà fúyẹ́, ohun tó sì jẹ́ kí yìnyín léfòó lórí adágún kí ẹja lè rí abẹ́ rẹ̀ gbé ní gbogbo ìgbà òtútù nìyẹn.

Bí omi bá ti ń dọ́gba báyìí, lake trout á gòkè wá. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń wá bọ̀. Àkókò àtiyé ẹyin ti tó. Orí òkúta abẹ́ omi tí kò jìn púpọ̀, níbi tí ìgbì ti ń fọ òkúta mọ́, ló máa ń yàn, òru ló sì sábà máa ń yé. Kì í kọ́ ìtẹ́, kì í sì í dúró ṣọ́ ohunkóhun. Ẹyin á rì sáàárín àwọn òkúta, á wà níbẹ̀ lábẹ́ yìnyín fún oṣù mélòó kan kó tó pa. Ẹja yìí kì í tètè dàgbà ní omi tútù. Òmíràn máa ń pé ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́, a sì ti rí èyí tó lo ohun tó lé ní 50 ọdún láyé. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí ẹja ńlá kan ju ẹni tó fà á jáde lọ́jọ́ orí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀jì fi ní òfin tiwọn pé kí wọ́n dá àwọn ńlá padà sómi, kí wọ́n sì jẹ àwọn kékeré. Òfin tó mọ́gbọ́n dání ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dun àlejò tuntun.

Ọ̀rọ̀ ẹja pike yàtọ̀. Ìgbà ìrúwé lòun ń yé ẹyin ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n abo rẹ̀ ti ń tọ́jú ẹyin sínú láti ìgbà ìwọ́wé, ebi sì máa ń pa á gan-an. Inú koríko omi ló máa ń ba sí. Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú, koríko etí omi á máa rọ, á máa jẹrà, pike á sì kó ara wọn jọ síbi tí koríko bá ṣì tutù yọ̀yọ̀. Afọ̀nàhàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wá pike lóṣù Kẹsàn-án. Koríko tútù ló ń wá. Ẹja walleye ní tirẹ̀ ní awọ kan lẹ́yìn ẹyinjú tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, tó fi ń ríran dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì. Àfẹ̀mọ́jú àti ìrọ̀lẹ́ ni àkókò oúnjẹ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá wá ń tètè ṣú, àkókò yẹn lè bọ́ sí ìgbà tí lọ́ọ̀jì ń gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀, torí náà ó dára kí ènìyàn béèrè kó tó sanwó: agogo mélòó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọlé? Nínú odò tó ń ṣàn, bíi Fond du Lac, grayling wà pẹ̀lú lẹbẹ ẹ̀yìn gíga tó dúró ṣánṣán. Ẹja kékeré ni, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé tìtorí rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Tí ọjọ́ bá ti dúró, ibi ló kàn. Orúkọ adágún méjì ló máa ń jáde jù lẹ́nu àwọn tó ń lọ. Èkíní ni Wollaston, adágún tí omi rẹ̀ ń ṣàn jáde gba ọ̀nà méjì láìsí ẹni tó gbẹ́ ọ̀nà fún un: odò Fond du Lac ń gbé apá kan lọ sí ìhà Òkun Arctic, odò Cochrane sì ń gbé apá kejì gba adágún Reindeer lọ sí Hudson Bay. Kò sí adágún tó ṣe bẹ́ẹ̀ tó tóbi tó o láyé. Èkejì ni Reindeer fúnra rẹ̀, tó kún fún erékùṣù, tó sì ní igun kan tí wọ́n ń pè ní Deep Bay, kòtò róbótó tó fẹ̀ tó kìlómítà 13, èyí tí òkúta kan tó já bọ́ láti ojú òfurufú gbẹ́ láyé àtijọ́. Ibẹ̀ jìn ju mítà 200 lọ. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Dene ló ń gbé agbègbè Wollaston, àwọn Cree sì ni wọ́n wà ní Southend ní gúúsù Reindeer. Nínú wọn ni ọ̀pọ̀ afọ̀nàhàn ti ń wá, ìmọ̀ wọn nípa ibi tí àpáta farapamọ́ sí lábẹ́ omi sì ju ohun tí àwòrán ilẹ̀ lè sọ lọ.

Ọ̀nà mọ́tò wà dé àyè kan. Láti Saskatoon dé La Ronge tó nǹkan bíi kìlómítà 380, títì dáadáa ni. Láti La Ronge, títì 102 á máa lọ sí Southend, ó lé ní kìlómítà 200, òkúta wẹ́wẹ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Táyà àfirọ́pò kan kì í tó. Ẹni tó bá fẹ́ ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ á wọ bàálù. Lọ́ọ̀jì ńlá míì ní pápákọ̀ òfurufú tirẹ̀, bàálù tó kó àwọn àlejò láti Saskatoon tàbí Winnipeg á sì bà síbẹ̀ tààrà. Fún èyí tó kéré, bàálù tó ń bà sórí omi ni. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù nínú irú rẹ̀ ni Beaver ti ilé iṣẹ́ de Havilland Canada, tó kọ́kọ́ fò ní 1947. Wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró láti 1967, síbẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn àlejò àtijọ́ ló ń ba ọ̀rọ̀ wíwá àyè jẹ́ fún ẹni tuntun. Bí wọ́n bá ti ń lọ lọ́dún yìí ni wọ́n ti ń gba ọ̀sẹ̀ kan náà fún ọdún tó ń bọ̀, ìdílé míì sì wà tí kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ wọn bọ́ láti bí ọdún mélòó kan. Nítorí náà, kíkọ̀wé ní ọdún kan ṣáájú kì í ṣe àṣejù. Oríṣi méjì ni ohun tí wọ́n ń tà. Nínú èkíní, lọ́ọ̀jì á se oúnjẹ, á fún ènìyàn ní ọkọ̀, epo àti afọ̀nàhàn. Nínú èkejì, wọ́n á kàn já àwọn àlejò sí ilé pákó kan létí adágún tí kò sí ẹlòmíì, pẹ̀lú ọkọ̀, epo àti sítóòfù, wọ́n á sì padà wá kó wọn lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n fẹnu kò sí. Èkejì dínwó, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń lọ nígbà ìwọ́wé fún ìgbà àkọ́kọ́, èkíní ló yẹ, torí ìjì ìgbà yìí kì í fún àlejò láyè láti ṣèṣì.

Ìwé ló máa ń pẹ́ jù. Físà ni ẹni tó ń lo páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà máa fi wọ Kánádà, ó sì yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Ẹni tó ń lo ti Britain á gba àṣẹ eTA lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó wọ bàálù. Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà kò nílò méjèèjì. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọkàn sí: ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi rí pé ó mutí wakọ̀, wọ́n lè dá a padà lẹ́nu ibodè, torí láti ìparí 2018 ni òfin Kánádà ti ka ẹ̀ṣẹ̀ yẹn sí ọ̀ràn ńlá. Ó dáa kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yanjú ọ̀rọ̀ náà nílé.

Ìwé àṣẹ ìpẹja kò le ní tirẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń rà á, owó àjèjì sì ju ti onílé lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni òfin tó bá a rìn. Ní Saskatchewan, ìwọ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀gún ẹnu tí kì í jẹ́ kó yọ; ẹni tó bá ní ìwọ̀ ẹlẹ́gùn-ún lè fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún náà pẹlẹbẹ. Wọn kì í fi ẹja ààyè ṣe ìjẹ. Iye ẹja tí ènìyàn lè mú lọ sílé sì yàtọ̀ láti adágún kan sí òmíràn. Tí ìrìn-àjò bá jẹ́ sí Ontario dípò Saskatchewan, a gbọ́dọ̀ tún wo ọjọ́ dáadáa: ní ọ̀pọ̀ agbègbè àríwá ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀, òpin oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń ti ìpẹja lake trout pa, kí ẹja lè ráyè yé ẹyin rẹ̀.

Ẹrù ló kàn, ìwọ̀n ló sì ń pàṣẹ fún un. Bàálù kékeré ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Kílò 20 sí 30 ni ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀jì ń gbà fún ẹnì kan, àpò rírọ̀ tó ṣeé ká sí kọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fẹ́, kì í ṣe àpótí líle. Ibi tó dáa láti gbé àpò lé òṣùwọ̀n ni ilé, kì í ṣe etí omi níbi tí awakọ̀ òfurufú ti máa ní kí wọ́n yọ nǹkan sílẹ̀.

Ọ̀pá ìwọ̀ méjì tó. Ọ̀kan á le, fún pike àti lake trout. Èkejì á rọ̀, fún walleye àti grayling. Eyín pike lè gé okùn ọ̀rá bí ẹni gé òwú, nítorí náà wáyà irin kúkúrú gbọ́dọ̀ wà láàárín okùn àti ìwọ̀. Ẹ̀mú ẹnu gígùn àti ohun tí a lè fi gé ìwọ̀ kò gbọ́dọ̀ jìnnà sọ́wọ́. Ní ti ìjẹ, àwo irin tó ń dán, tó ń mì nínú omi bí ẹja tó fara pa, ni wọ́n ń lò jù. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lágbègbè náà, aláwọ̀ ìyeyè tó ní dáyámọ́ǹdì pupa márùn-ún, ti ọwọ́ Len Thompson wá, àgbẹ̀ kan ní Abernethy ní Saskatchewan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìjẹ ní 1929. Àlejò tó bá kó ogójì oríṣi wá á rí i pé mẹ́rin péré ló lò.

Aṣọ ni wọ́n máa ń ṣe àṣìṣe lé lórí jù. Lọ́sàn-án oṣù Kẹsàn-án, oòrùn lè mú ènìyàn bọ́ súwẹ́tà. Lóru, ìrì lè dì sórí pákó èbúté títí yóò fi máa yọ̀ bọ̀rọ́. Aṣọ òwú kò dára, torí tó bá rin, kì í gbẹ, á sì máa fa ooru kúrò lára. Aṣọ onírun àgùntàn tàbí èyí tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe ló yẹ, ní ìpele-ìpele, kí ènìyàn lè máa bọ́ ọ kó sì máa wọ̀ ọ́ padà. Lórí gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀wù òjò àti ṣòkòtò rẹ̀, bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, fìlà onírun àti ìbọ̀wọ́ méjì, torí ọ̀kan á rin. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mórí náà ṣe pàtàkì: nǹkan bíi ìṣẹ́jú 5 ni ọjọ́ fi ń kúrú lójoojúmọ́ lákòókò yìí, lọ́ọ̀jì sì máa ń pa ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n bá ti fẹ́ sùn. Ẹ̀bùn inú òkùnkùn yẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ àríwá, tí kò ṣeé rí nígbà ooru torí pé ilẹ̀ kì í ṣú tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní àwọ̀ ewé lójú ọ̀run. Ẹ̀fọn àti kantíkantí pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ síbẹ̀ lóṣù Keje á mọ ohun tí ìyẹn tọ́ sí.

Béárì dúdú wà nínú igbó náà, ó sì ń jẹun kíkan kíkan lásìkò yìí kó tó wọ ihò lọ sùn. Kò sí ìdí fún ìjayà, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ìfun ẹja kò gbọ́dọ̀ sùn nítòsí ibi tí ènìyàn ń sùn. Ata fínfín tí wọ́n fi ń lé béárì, bàálù ọlọ́pọ̀ èrò kì í gbà á, ì báà jẹ́ nínú àpò ọwọ́ tàbí nínú ẹrù. Lọ́dọ̀ lọ́ọ̀jì ni kí wọ́n ti béèrè rẹ̀.

Ewu tó ju béárì lọ ni omi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Giesbrecht ti Yunifásítì Manitoba, tó ti fi ara tirẹ̀ wọ omi tútù lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ìwádìí, ló sọ ìlànà kan di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ìṣẹ́jú 1, ìṣẹ́jú 10, wákàtí 1. Ẹni tó bá ṣubú sínú omi tútù ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú kan láti kó èémí ara rẹ̀ níjàánu, torí ara á kọ́kọ́ máa mí gúlegúle, ó sì lè gbé omi mì níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣì fi lè ṣe ohun tó bá ní kí wọ́n ṣe. Ó máa tó bíi wákàtí kan kí òtútù tó mú un dákú. Ẹ̀wù amúniléfòó ni ìlànà yìí fi ẹ̀yìn tì. Láìsí i lọ́rùn, ènìyàn lè má dé ìṣẹ́jú kejì. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀wù yẹn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ń jókòó lé nínú ọkọ̀.

Fóònù alágbèéká kì í ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi lágbègbè náà. Lọ́ọ̀jì ní fóònù tó ń gba sátẹ́láìtì, àwọn míì ti ní íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n dókítà kò sí. Oògùn tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ju iye ọjọ́ ìrìn-àjò lọ, kó sì wà nínú àpò ọwọ́. Adójútòfò tó bá máa gbéṣẹ́ ni èyí tó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé òun á sanwó bàálù tó bá wá gbé aláìsàn.

Lójú omi, ọ̀sán ni àkókò tí gbogbo ìmúra yìí máa ń so èso. Afọ̀nàhàn á yà sí erékùṣù kan níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Á mú walleye kékeré tí wọ́n fi pamọ́ láàárọ̀, á tẹ́ ẹ sórí ojú àjẹ̀, ọ̀bẹ tín-ín-rín á wọlé lẹ́yìn orí, á yí gbẹrẹ lórí egungun ẹ̀yìn, á sì gbá a tẹ̀ lé dé ìrù láìdúró. Á dojú ẹran náà dé, á fi ọ̀bẹ ya awọ kúrò. Gbogbo rẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú kan. Ọ̀dùnkún àti àlùbọ́sà ti ń dín nínú páànù irin wúwo lórí iná igi, agolo ẹ̀wà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yinná pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀. Ẹja tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun á wọ epo tó gbóná, á hó ṣàà. Nígbà ooru, eṣinṣin ló máa ń bá ènìyàn jẹ ẹ́. Nígbà ìwọ́wé, iná yẹn gan-an ni gbogbo wọn ń yí ká. Tí ìjọba bá ti fòfin de iná dídá torí igbó tó gbẹ, inú sítóòfù gáàsì ni wọ́n á ti sè é, adùn rẹ̀ kì í sì í rí bákan náà.

Ohun tó kù ni ọjọ́ ìpadàbọ̀. Bàálù tó ń bà sórí omi kì í fò lóru, awakọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa fojú rí ilẹ̀. Kùrukùru àárọ̀ oṣù Kẹsàn-án lè dá a dúró títí di ọ̀sán, ìjì sì lè dá a dúró fún ọjọ́ kan gbáko. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra tíkẹ́ẹ̀tì Saskatoon sí London tàbí sí Houston fún ọjọ́ kan náà tó máa kúrò ní lọ́ọ̀jì. Kó fi òru kan sílẹ̀ láàárín, kó sì ti wo òfin ilé iṣẹ́ bàálù náà lórí pípààrọ̀ ọjọ́. Ẹja tí wọ́n bá fẹ́ gbé lọ sílé, lọ́ọ̀jì á gé e, á dì í nínú yìnyín, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fi awọ díẹ̀ sílẹ̀ lára ẹran kọ̀ọ̀kan, kí òṣìṣẹ́ ìjọba lè mọ irú ẹja tó jẹ́, kó sì lè kà á. Tó bá jẹ́ yìnyín gbígbẹ ni wọ́n fẹ́ kó o sí, kílò 2.5 ni bàálù ọlọ́pọ̀ èrò ń gbà fún èrò kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ṣáájú. Àpótí náà gbọ́dọ̀ ní ibi tí afẹ́fẹ́ á máa gbà jáde.